‘Kò jọ ọ́’ nìkan kò tó o, ibo gan-an ni kò ti jọ ọ́?

Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé Ẹgbẹ́dá, Ìdímù àti Ìkòtún ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti há sínú dáńfó, wọ́n á gba Ìyànà-Ìpájà kọjá, ẹni tó ń sùn á máa sùn, ẹni tó ń bá kọ̀ńdọ́ jà nítorí ṣéńjì á máa jà. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ọ̀rọ̀ mìíràn tún kún ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Akínwùmí Ambode, tó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà yẹn, ló ṣíṣọ lójú ère ńlá kan tí wọ́n ṣe fún Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ìkẹjà. Hamza Atta lorúkọ ẹni tó ṣe ère náà. Bàbá jókòó, ó dé fìlà, ó wọ agbádá, ó fi dígí sójú. Kò sẹ́ni tí kò ní í mọ ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ariwo fi ta.

Àwọn kan ní bàtà olókùn tí wọ́n wọ̀ fún bàbá yẹn kọ́ ni irú bàtà tí Awólọ́wọ̀ ń wọ̀ sábẹ́ agbádá, wọ́n ní ó jọ ti àwọn sójà. Àwọn kan ní kí ló dé tó fi jókòó, ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni? Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàtà rárá, ojú ni wọ́n tẹjú mọ́, ohun tí wọ́n sì ń sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: ‘Kò jọ ọ́.’ Oníṣẹ́ náà ṣàlàyé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi bàtà yẹn sí i ni, pé ó ní ohun tóun ń fi í sọ. Àlàyé náà wọ àwọn kan létí, kò wọ àwọn mìíràn létí. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ère ti wà lójú títì, gómìnà ti ṣíṣọ lójú ẹ̀, àwọn oníròyìn ti ya fọ́tò. Ta ló fẹ́ sọ pé kí wọ́n lọ gbé e padà nítorí imú?

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, n'Ìkẹjà yìí kan náà, wọ́n tún ṣí ère Fẹlá Aníkúlápò-Kútì. Abọ́lọ́rẹ Ṣóbáyọ̀ ló ṣe ìyẹn. Ère ọ̀hún kò lórí, kò lọ́wọ́, aṣọ Fẹlá nìkan ló nàró. Àwọn èèyàn rojọ́ títí lórí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè sọ pé ojú Fẹlá kò jọ ọ́. Ọgbọ́n ńlá wà nínú ẹ̀ o.

Nítorí pé ojú gan-an niṣẹ́ wà. Oníṣẹ́ lè ṣi ọwọ́ ṣe, ó lè ṣi aṣọ ṣe, kí aráyé fojú fò ó. Àmọ́ ojú ẹni téèyàn mọ̀, bí ètè bá fi bíńtín yẹ̀ báyìí, ọmọ ọdún márùn-ún á mọ̀ pé ẹlòmíì ni. Á mọ̀, kò sì ní í lè sọ ohun tó mọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni tó ń ṣe ère àti àwọn tó ni òkú.

Lóde òní, kì í ṣe igi àti amọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é mọ́. Ọ̀dọ́ tó bá ní láptọ́ọ̀pù tó lágbára díẹ̀ nínú yàrá kan n'Ìgàndó lè gbé Blender sí i láìsan kọ́bọ̀, torí láti ọdún 2002 ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Àwọn tówó wà lọ́wọ́ wọn ń lo ZBrush. Orí kan á wà lójú kọ̀ǹpútà rọ̀bọ̀tọ̀ bí amọ̀, ọmọ náà á máa fi bíírò oníná tẹ̀ ẹ́ wọlé, á máa fà á jáde, títí imú á fi yọ, tí ètè á fi yọ. Tó bá parí, wọ́n lè fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde bí ère téèyàn lè fọwọ́ kàn, wọ́n sì lè ti ara ìyẹn da fáíbà tàbí idẹ.

Agbẹ́gilére tí àáké ẹ̀ bá ti jẹ igi jù nídìí imú, imú ti lọ nìyẹn. Ọmọ kọ̀ǹpútà á tẹ Ctrl, á tẹ Z, imú á padà. Ẹni tó bá wá jẹ́ kí ojú tí kò jọni dé ìdí sàréè lẹ́yìn ìyẹn, kò lè di ẹ̀bi ru àáké.

Ẹ fi ìdílé kan n'Ẹgbẹ́dá ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kò sẹ́ni tí wọ́n ń bá wí. Baálé ilé kú, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ gbé ère orí bàbá wọn sí ìdí sàréè. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan láti Ìgàndó tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Fọ́tò mẹ́rin péré ni wọ́n rí kó fún un: èyí tí bàbá yà nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, tí kò ní àwọ̀; pásípọ́ọ̀tù kan tó ti ń ṣá; ọ̀kan tó yà nílé àríyá pẹ̀lú fìlà tó bo iwájú orí; àti sẹ́lífì tí ọmọ ọmọ kan bá a yà níbi ìkómọ, èyí tí wọ́n sọ di ńlá sára ìwé ìsìnkú. Èyí tó tóbi tó sì mọ́lẹ̀ jù ni ọmọkùnrin náà gbájú mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Gbogbo ihò ara, gbogbo irun àgbọ̀n, òógùn tó ń dán níwájú orí, ó fi sí i. Ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ n'Ìgàndó, wọ́n pariwo: ‘Ó ku kó sọ̀rọ̀!’ Bẹ́ẹ̀, nínú wọn, ẹyọ kan kò rí bàbá náà rí. Inú ẹ̀ dùn, ó gbé láptọ́ọ̀pù, ó wọ ọkọ̀ lọ s'Ẹgbẹ́dá.

Gbogbo wọn pé sí pálọ̀. Ó ṣí i. Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan ní, ‘Ó dára o, ẹ ṣé gan-an ni.’ Ohùn tó fi sọ ọ́ kò dùn. Ìyá wọn bọ́ dígí ẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú, ó wá béèrè pé, ‘Ta nìyí?’

‘Bàbá ni, Mà.’

‘Bàbá ta ni?’

Ara ọmọkùnrin náà bù máṣọ. Ó ní, ‘Màmá, fọ́tò tí wọ́n fún mi náà ni mo wò.’

‘Fọ́tò ni ìwọ wò. Èmi bá a gbélé fún ọdún méjìlélógójì.’ Ìyá sún mọ́ láptọ́ọ̀pù. ‘Ta ló tiẹ̀ kọ ilà kejì fún ọkọ mi?’

Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn tó rí i. Bàmú ni bàbá kọ, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni bàmú sì máa ń wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní ibì kan tí wọ́n ń tẹ̀ kí ohun tí wọ́n bá ṣe sí ọ̀tún hàn ní òsì pẹ̀lú, kí iṣẹ́ lè yá. Ọmọ náà gbàgbé láti pa á. Ọ̀kan ti di méjì. Sẹ́lífì náà tún ní tiẹ̀, torí àwọn fóònù kan máa ń yí àwòrán padà bíi dígí, ilà tó wà lósì á bọ́ sọ́tùn-ún. Èyí tó wà nínú sẹ́lífì kò bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, kò sì sẹ́ni tó fi wọ́n wé ara wọn.

Kò sí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í dùn. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lẹ́nu ni pé iṣẹ́ ọnà ni, ojú tẹni lèèyàn fi ń wòran. Irọ́ kọ́ o. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì Kejì fúnra ẹ̀ ló jókòó fún un nínú ààfin ní London lọ́dún 1957, kó lè ṣe ère ẹ̀. Kì í ṣe fọ́tò ló wò, ẹni náà wà níwájú ẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ère náà jáde ní London, àwọn kan ní ètè yẹn ti nípọn jù, wọ́n ní ó ti sọ ọba àwọn di ọmọ Áfíríkà. Enwonwu kò yẹ̀. Àmọ́ ayaba wà láàyè, fọ́tò ẹ̀ wà lára owó, ó wà lára sítáǹbù, kò sẹ́ni tó lè tìtorí ère kan gbàgbé ojú ẹ̀. Bàbá Ẹgbẹ́dá ní fọ́tò mẹ́rin, ọ̀kan ti ń ṣá. Àwọn ọmọ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ẹ̀, ojú tó bá wà nídìí sàréè yẹn ni wọ́n máa mọ̀ sí bàbá àgbà. Tó bá jẹ́ ojú ẹlòmíì, ẹlòmíì ni wọ́n á máa kí títí ayé.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ bọ́rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Bí ẹni ńlá bá kú níbẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó, ère tó ga tó èèyàn, wọ́n á wọ aṣọ olóògbé sí i lọ́rùn, wọ́n á gbé e kiri ìlú kí wọ́n tó ṣe ìsìnkú kejì. Àwọn tó bá olóògbé nájà, tó bá a ṣọ̀rẹ́, tó bá a jà, gbogbo wọn ló máa rí i ní ìta gbangba. Kò sí agbẹ́gilére tó máa fẹ́ kí ìlú máa bi ara wọn léèrè pé ta nìyí.

Ẹ má sì rò pé ‘kò jọ ọ́’ nìkan làwọn àgbà mọ̀ ọ́n sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan láti Amẹ́ríkà, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láwọn ọdún 1960, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn pé kí ló mú kí ère kan dára ju òmíràn. Ó gbé ohun tó gbọ́ jáde lọ́dún 1973. Jíjọra wà lára ohun tí wọ́n sọ fún un, ṣùgbọ́n wọn kò fi mọ síbẹ̀: wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa bí ojú àti ẹnu ṣe hàn ketekete, bí ara ṣe dán, bí ère ṣe gún. Wọ́n tiẹ̀ ní kí ère lásán má jọ ẹnì kan pàtó jù. Èèyàn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó ń wò.

Ọmọ Ìgàndó padà sílé. NEPA ti mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù ti kú, kò rí nǹkan ṣe ju kó sùn lọ. Àbùkún gan-an ni àìsíná yẹn. Torí ojú tó ti ń wo nǹkan kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí èké, ohun tó bá ti mọ́ ọn lára ló máa ní ó dára. Nígbà tó ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó yí àwòrán náà padà, ọ̀tún di òsì. Yéè! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wọ́ sápá kan, òun kò sì rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sọ gbogbo orí náà di dúdú bí òjìji, kó lè wo etí ẹ̀ nìkan láti ẹ̀gbẹ́. Ibi tó yẹ kí agbárí yọ sẹ́yìn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Imú ńkọ́? Sẹ́lífì ló parọ́ fún un. Bí fóònù bá sún mọ́ ojú jù, imú tó wà níwájú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, ojú á gùn. Fọ́tò tí wọ́n bá yà láti òkèèrè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti gbẹ́ imú fóònù, ó pè é ní imú bàbá. Ó nu gbogbo ihò ara àti òógùn yẹn dànù, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun. Èyí máa ń dun àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí ju ohunkóhun lọ, torí ihò ara ló ń gba ìyìn. Ṣùgbọ́n egungun tí kò bá tọ̀nà, bí wọ́n bá kun òógùn sí i lára, òógùn ẹlòmíì ni.

Nígbà tó máa padà s'Ẹgbẹ́dá, kò béèrè mọ́ pé ṣé ó jọ ọ́. Ìbéèrè yẹn kò dára, torí ìdáhùn méjì péré ló ní, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀tàn, èkejì jẹ́ ọfà. Ó ṣe orí méjì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú ọ̀kan, ó gbé eegun ìpéǹpéjú sókè díẹ̀. Nínú èkejì, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó wá béèrè pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló sún mọ́ ọn jù?’ Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan má baà sọ kí àwọn tó kù máa tẹ̀ lé e. Ó bi fọ́kanáísà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, torí ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni bàbá máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́.

Dáwódù ní imú ni kò dára. Ọmọbìnrin ní àgbọ̀n ni. Fọ́kanáísà ní, ‘Bàbá máa ń gbé orí báyìí ni,’ ó sì ṣe é, ó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó tẹ orí sọ́tùn-ún. Kò sí fọ́tò tó ní ìyẹn. Ìyá ní tòun, kì í ṣe imú, kì í ṣe àgbọ̀n. ‘Ẹni tó ń bínú lèyí. Ọkọ mi kì í bínú. Bó bá tiẹ̀ ń bínú, ẹ ò ní í mọ̀.’

Oníṣẹ́ tí kò gbọ́n á ní ìyẹn kì í ṣe àríwísí, pé wọn kì í fi bíírò gbẹ́ ìbínú. Wọ́n ń gbẹ́ ẹ o. Ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ jù ló ń bínú, igun ẹnu tó rọ̀ ló ń bínú. Ọmọkùnrin náà gbé méjèèjì sókè, kò ju bí èékánná lọ. Nígbà tí Dáwódù rí i, ó ní, ‘Ẹn-ẹ́n! Ẹ ṣé tẹ́ ẹ tún imú ṣe.’ Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, kò fọwọ́ kan imú. Bí ọ̀rọ̀ ojú ṣe rí nìyẹn: ẹni tó ń wò mọ̀ pé ibì kan ń dun òun, ìka tó nà lè má bọ́ síbẹ̀ gan-an. Bí ẹni mẹ́ta bá tọ́ka sí ibi mẹ́ta tó súnmọ́ra, kí oníṣẹ́ wo àárín wọn.

Dáwódù tún bẹ ẹ̀bẹ̀ kan o. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun yọ hunjọ ojú bàbá kúrò, kó lè dà bí ọ̀dọ́. Èyí ni kí oníṣẹ́ ṣọ́ra fún. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2017, ní pápákọ̀ òfuurufú erékùṣù Madeira lórílẹ̀-èdè Pọ́túgà, wọ́n ṣíṣọ lójú ère orí Cristiano Ronaldo. Emanuel Santos ló ṣe é. Fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní òun wò. Ronaldo rí iṣẹ́ náà kó tó parí, ohun tí Santos ní ó béèrè ni pé kó dín hunjọ kan kù, torí ó ń jẹ́ kóun dà bí àgbà. Ẹni tó ni ojú gan-an sọ tẹnu ẹ̀, wọ́n sì ṣe é. Gbogbo ayé fi ère náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi rẹ̀ wọ́n. Ẹwà ló béèrè, kò béèrè ìjọra. Lọ́dún 2018, Santos jókòó, ó tún òmíràn ṣe, èyí sì jọ ọ́ jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n ti gbé ti àkọ́kọ́ kúrò ní pápákọ̀, ère ẹlòmíì ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ Ìgàndó fi hunjọ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Dáwódù pé ẹ̀rín ni hunjọ yẹn, bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ̀rín bàbá náà lọ. Dáwódù kùn, àmọ́ ó gbà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó bọ́ fìlà kúrò pátápátá, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Fìlà máa ń bo àṣìṣe. Àwọn tó rí ère Awólọ́wọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, mélòó nínú wọn ló jẹ́ pé fìlà àti dígí ni wọ́n mọ̀? Ẹni bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti mú ojú èèyàn, kó bọ́ gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ kúrò, kó wo ẹni tó kù. Ẹni tó kù lójú láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ yẹn, orí ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, ilà ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Iná tún ti lọ. Láptọ́ọ̀pù nìkan ló tan ìmọ́lẹ̀ sójú ìyá. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọmọ ń wo ẹnu ẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti di bíírò mú, ó ń dúró de ibi tí wọ́n tún máa tọ́ka sí.

‘Ẹ̀yin ọmọ yìí,’ ìyá sọ̀rọ̀, ‘ẹ kàn jẹ́ kó jókòó sójútáyé báyìí láìdé fìlà? Ó lè torí ẹ̀ bá gbogbo wa jà o. Ẹ lọ sínú yàrá mi, ẹ wo inú àpótí, fìlà aláwọ̀ búlúù yẹn, ẹ mú un wá fún bọ̀dá kó fi wo bó ṣe rí.’

Ọmọbìnrin tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó wọlé lọ.